Ìgbọ̀nwọ́ Bàbá Ọmọ́níyì

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, a ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń dájọ́ ewúrẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ọmọ́níyì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ló pe Silas onísítúdíò òpópónà Arakale ní Àkúrẹ́ lẹ́jọ́. Ẹ̀rù ń ba Silas díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ bàtà tó ń dán, torí ó gbà pé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kì í jẹ̀bi.

"Bàbá, kí ni Silas fi ṣe yín?" Olóyè Ọláyíwọlá, tó ń dájọ́ ní ààfin, béèrè.

"Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìrántí ọdún kan ikú ìyàwó mi, Moríyọ̀. Mo ṣe orin kan fún un. Ọwọ́ mi ti ń le, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ọmọ yìí. Ó ní òun á bá mi tún un ṣe. Olóyè, gbogbo ibi tí mo ti lajú tẹ̀, ó ti yọ ọ́ dànù. Ibi tí mo ti sùn ló kù."

"Ẹ sùn?"

"Oorun gbé mi lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìgbọ̀nwọ́ mi já lu dùùrù, gbàà."

"Gbàà mẹ́rin yẹn nìkan ló kù?"

"Wọ́n pé pérépéré."

Olóyè kan tó ti ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lajú, ó ní òun ò rí ohun tó burú nínú irú orin bẹ́ẹ̀.

Silas dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Kẹ́ ẹ pẹ́ láyé, olóyè. Gbogbo nóòtì téèyàn bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ mi ń tò sílẹ̀, á sì kọ agbára ọwọ́ sí i, láti oókan dé mẹ́tàdínláàádóje. Nóòtì Bàbá lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ṣé kí n máa ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ bí òkúta inú ìrẹsì ni? Mo ní kí ẹ̀rọ wá gbogbo èyí tí kò tó ọgọ́ta. Ó wá wọn, ó kùn wọ́n ní pupa. Mo pa wọ́n rẹ́."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Nóòtì tí kò lágbára, àṣìṣe ọwọ́ ni. Nínú gbogbo akọrin tí mo ń ṣiṣẹ́ fún, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọgọ́rùn-ún."

"O ò sì wò wọ́n kó o tó pa wọ́n rẹ́?"

"Ẹ̀rọ ti bá mi wò ó."

"Ṣé wọ́n ṣeé dá padà?"

"Rárá, olóyè, mo ti fi orin náà pamọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì ti pa ẹ̀rọ."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Sherifat, tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò, ní òun jókòó títí, òun ò gbọ́ orin kankan, àfi gbàà.

"Irọ́ ni," ni Precious, tó ń kọrin fún Silas, wí. "Orin wà, ó sì gbóná. Mo tiẹ̀ ti jó sí gbàà kẹta."

"Ṣé ẹ jọ wà níbẹ̀?"

"Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí," ni àwọn méjèèjì dáhùn.

Olóyè mi orí, ó yíjú sí Bàbá. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tẹ dùùrù bí ẹni tó ń jí i gbé?"

"Yàrá kan la ní nígbà tá a fẹ́ra ní Oǹdó. Nọ́ọ̀sì ni Moríyọ̀, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni dùùrù wà. Mo wá kọ́ bí mo ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tí kò ní jí. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, olóyè. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn mọ́."

Ojú ti Silas. Ó wo bàtà rẹ̀, bàtà náà ò ràn án lọ́wọ́.

"Silas, uṣẹ́ rẹ yá ju ojú rẹ lọ," ni olóyè wí. Tínú bá ń bí i, èdè Àkúrẹ́ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Gbọ́ ìdájọ́ rẹ. Bàbá á tún orin rẹ̀ tẹ̀ láti ọ̀la di Sátidé. Tó o bá ti tan ẹ̀rọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni wàá jókòó sí, ọwọ́ rẹ méjèèjì lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn. Bí wọ́n bá sùn, o ò gbọdọ̀ jí wọn. Gbé ìgbọ̀nwọ́ náà dání títí wọ́n á fi jí. Ní ti gbàà mẹ́rin yẹn, gbé e wá síbí. A ó máa fi jí àwọn ìgbìmọ̀."

Láàárọ̀ yìí, Sherifat yọjú sí sítúdíò. Bàbá ti sùn lọ. Silas gbé ìgbọ̀nwọ́ dání bí ẹni gbé ẹyin, òógùn bò ó, eṣinṣin bà lé e nímú, kò sọ́wọ́ tó máa fi lé e. Sherifat lanu láti kí i.

"Ẹ rọra," ni Silas wí, agbára ohùn rẹ̀ kò sì tó ogún.