Ẹṣin Ọmọlúwàbí Láti Lálúpọn

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi tẹ́ mi sínú sàréè. Ọjọ́ kejì Iléyá kan ni, kí ogun Ìjàyè tó dé, nígbà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn eré ẹṣin láti Akínyẹlé títí dé Ẹgbẹ́dá ṣì mọ orúkọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá mi sí, tí mo fi lè máa fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́rin tẹ̀léra ni mo fi gba ipò kìíní nínú eré tí àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń sá yí pápá Yídì ká lọ́jọ́ kejì Iléyá. Ìgbà mẹ́ta ni a máa ń yí pápá náà po. Ẹni tó bá kọ́kọ́ padà dé ìdí igi àràbà tí a ti gbéra ló borí. Baba ológun kan ní Ìbàdàn ló ni ẹṣin tí mo ń gùn, àwọn náà ló sì ń bọ́ mi. Lọ́dún karùn-ún, ẹṣin kọsẹ̀ lábẹ́ mi, orúnkún mi òsì yẹ̀. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n kò lè di ẹ̀gbẹ́ ẹṣin mú mọ́. Baba kò lé mi. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò bá mi lára mu rárá. Ẹni tó ti máa ń sá eré fúnra rẹ̀, tí wọ́n wá ní kó jókòó máa wo ẹlòmíràn, bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀ ló rí. Láti kékeré ni àáfà tó kọ́ mi ní Àlùkùránì ti máa ń sọ pé ara mi kì í gbé ojú kan, pé wàláà tí mo fi ń kàwé náà ni mo fi ń lé ewúrẹ́. Wọn ò parọ́ mọ́ mi.

Ọdún méjì tí mo fi kọ́ni, ilé ológun mìíràn ni ipò kìíní ń lọ. Nígbà tí Iléyá kẹta ku oṣù mẹ́ta, Baba pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń fi eyín gé orógbó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wo orúnkún mi.

"Bí a bá tún pàdánù lọ́dún yìí," wọ́n ní, "oko mi lọ́nà Ìjàyè ni wàá lọ, kí o lọ máa kọ ebè."

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ebè rí mọ ohun tí orúnkún ń jẹ níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ò ní pàdánù.

Mo wá ẹṣin kiri títí mo fi dé Lálúpọn. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan, oníṣòwò tí ojú wọn ti fọ́, tí wọn ò lè gùn ún mọ́. Ẹṣin pupa ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. A sá a wò ní ẹ̀yìn ìlú, atẹ́gùn ló kù tó ń bá a du ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ máa fà á lọ, bàbá náà nawọ́, wọ́n fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, rọra lò ó," wọ́n ní. "Ọmọlúwàbí ni. Kò bá mi kọjá ẹnikẹ́ni láìkí i rí."

Mo rẹ́rìn-ín nínú mi. Ta ló ń ta ẹṣin tí yóò sọ pé oníwàkiwà ni?

Ràjí, ọmọ àbúrò Baba, ni yóò gùn ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kò jọ mi níbì kankan. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lójoojúmọ́, a máa ń lọ sí ilẹ̀ kan tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láìdáko lẹ́yìn odi, níbi tí ènìyàn kankan kì í gbà kọjá. Ẹṣin náà ń fò bí ẹyẹ. Èmi ń tiro lẹ́yìn wọn, mo ń ké pé kó tẹ̀ síwájú, kó tú ìjánu sílẹ̀, kó má fa orí rẹ̀. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ kan péré ni obìnrin kan tó ru igi ìdáná yọ sí wa látinú igbó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹṣin dúró gbọnin. Ràjí ṣí lórí gàárì, ó fọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Mo ní ejò ló rí. Mo gé igi, mo na gbogbo koríko ibẹ̀ títí oòrùn fi là, ìgbín kan ṣoṣo ni mo rí. Obìnrin náà dúró, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo kí yín, ẹ ò dá mi lóhùn." Mo sọ fún un pé ó ṣeun, kó má bínú. Kíá, ẹṣin gbéra. Mo yíjú sí Ràjí, mo ní ṣé ó rí i, ejò náà ti lọ. Obìnrin náà ló gbé ìgbín lọ sílé.

Ọjọ́ eré pé. Pápá Yídì kún bámú. Baba tẹ́ ẹní, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ wọn hàn mí, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀, kí n má sì dìde. Ẹṣin mẹ́fà ló tò sídìí àràbà. Bí wọ́n ṣe tú wọn sílẹ̀, tiwa ti wà níwájú. Mo ti ń rò ó pé oko ọ̀nà Ìjàyè yóò wá ẹlòmíràn tí yóò kọ ebè rẹ̀, nígbà tí Ràjí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó jókòó lápá ìwọ̀-oòrùn. Bàbá kan láàárín wọn gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún!"

Ẹṣin dúró. Méjì kọjá lára rẹ̀. Ràjí fi pàṣán bà á, ó fi gìgísẹ̀ gbá a, kò mira. Nígbà tí kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ kú ìyèdún o, bàbá. Ọlọ́run á ṣe púpọ̀ rẹ̀ fún wa." Bí ọfà ni ẹṣin ṣe gbéra.

Ìgbà náà ni mo rántí Lálúpọn. Mo rántí onígi ìdáná. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ta ni kò ní máa wí pé ẹ kú ọdún ní gbogbo Ìbàdàn? Èmi ni mo wá ẹṣin tí kì í kọ ìkíni, tí mo sì mú un wá sí àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún akíni.

Mo dìde. Baba ní, "Jókòó." Mo ní mò ń bọ̀. Mo tiro wọ àárín èrò, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má kí ẹlẹ́ṣin pupa. Ìyá kan bi mí pé kí ló ṣe tí àwọn ò ní kí i, ṣé ó ń bínú ni? Mo ní rárá o. Ó ní tó bá jẹ́ rárá ni, àwọn á kí i. Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó ni ìkíni ń pọ̀ sí i. Àgbàlagbà kan kí èmi gan-an, mo fẹ́ sáré kọjá, wọ́n di dàńṣíkí mi mú lẹ́yìn.

"Ṣé ìwọ tí a jọ kírun lánàá ni kò lè dáhùn lónìí?"

Mo yípadà, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo bèèrè àlàáfíà àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ. Eré ti wọ ìyípo kẹta kí n tó gba aṣọ mi.

Ràjí sì rèé, ó ti gbọ́n jù mí lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́wọ́ sókè ló ti ń dáhùn. Ó ń sọ pé ẹ kú ìyèdún lọ́tùn-ún, ó ń sọ ọ́ lósì, bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ. Ẹṣin kò dúró mọ́. Ó kọjá ẹyọ kan, ó kọjá ìkejì, ó wá kọjá ẹṣin funfun ilé ológun tó ti ń borí wa láti ọdún méjì. Nígbà tí mo fi máa tiro dé ìdí àràbà, kò sí ẹṣin kankan níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó kù fún un kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ mọ́.

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ìdí igi yẹn ni mo ti borí nígbà mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mi ò gbé ilẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo lanu.

"Àjàní!" ni mo ké, oríkì Ràjí nìyẹn. "Ọmọ a-gùn-má-bojú-wẹ̀yìn! Àjàní ọmọ ẹlẹ́ṣin tí ń sáré bí òjò àárọ̀!"

Ẹṣin dúró. Kì í ṣe irú ìdúró ti ẹ kú ọdún. Ó to ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, ó gbórí sókè, ó na etí, bí àgbà tí wọ́n ń kì, tí kò sì jẹ́ lọ títí wọn ó fi kì í tán. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé n kò kì í tó ni, mo bá gbóhùn sókè sí i. Ràjí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láti orí gàárì, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ṣùgbọ́n ẹṣin ń gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé oríkì kò tíì parí.

Ràjí wò mí. Omi ti lé sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Kí n tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, ẹṣin funfun ti kọjá, dúdú kan sì tẹ̀ lé e. Ipò kẹta ni a gbà.

Mo padà sórí ẹní, mo dojú bolẹ̀. Baba bèèrè ẹni tó dá ẹṣin dúró. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ó dáa, ẹṣin kò ṣẹ̀, Ràjí kò ṣẹ̀. Ẹṣin náà ni wọ́n ń gùn lọ sí Jímọ̀ láti ọjọ́ náà, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá ẹṣin tí kò ní dójú ti àwọn lójú ọ̀nà. Èmi ni kò wúlò.

Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ ebè. Mo ń wọ́ orúnkún mi láti poro dé poro. Kò sí èrò níbẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè ké sí, iṣu kì í sì í sáré. Láàárín ọjọ́kanrí àti ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sábẹ́ igi ẹmì, mo ń ka Àlùkùránì, ara mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo dúpẹ́ fún ebè náà.

Kí Iléyá tó tún dé, Baba ránṣẹ́ pè mí. Ràjí ló bẹ̀ wọ́n. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, ẹnu mi nìkan ni kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí. Nítorí náà Baba ní lọ́jọ́ eré, bí àwọn ẹṣin bá ti tò, kí n bu omi sẹ́nu, n kò gbọdọ̀ gbé e mì, n kò gbọdọ̀ tu ú, títí ẹṣin àkọ́kọ́ yóò fi dé ìdí àràbà. Ẹṣin tí Ràjí sì gùn lọ́dún náà, ọwọ́ Gàmbàrí ni mo ti rà á. Mo kọ́kọ́ kí i ní ẹ kú àárọ̀ nígbà mẹ́wàá. Kò gbọ́ Yorùbá.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ràjí ló ṣíwájú ní ìyípo kìíní, òun náà ló ṣíwájú ní ìkẹta. Bó ṣe kan àràbà, mo lanu láti wí pé Alihamudulilai, gbogbo omi náà dà sórí agbádá funfun tí Baba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fún ọdún.

Wọ́n wo agbádá. Wọ́n wò mí. "Ó sàn ju oríkì lọ," wọ́n ní.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀kọ́ tèmi kò sì ju ọ̀kan lọ: kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ ń parí iṣẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá ti tú ẹṣin sílẹ̀, kó jókòó, kó fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ràjí náà ti hu ewú báyìí. Ibi yòówù tí a bá ti pàdé, á dúró gbọnin, á gbórí sókè, á na etí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń dúró o. Ẹ parí oríkì mi." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń fọwọ́ bo ẹnu mi. Títí di òní, n kò tíì parí rẹ̀.