Bí Oyèdòkun Ṣe Ṣẹ́gun Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ bá mi kí Oyèdòkun, ẹ kí i kó dáa: ọmọ Àkànjí arógun-má-sàá, ọmọ-ọmọ Àyọ̀ká ẹlẹ́kọ ìlú Ìrágbìjí, obìnrin tó pọ́n ẹ̀kọ títí ewé eéran fi ń wárí fún un nínú igbó, Oyèdòkun aga-bí-ọ̀pẹ, ọkùnrin mẹ́ta àbọ̀, tó la òkun kọjá lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ aláró ní Mádíúnì nílẹ̀ Jáfà, tó sì gbé ọmọ onílé níyàwó kó tó mọ orúkọ àdúgbò tán. Ẹni tó bá ní akọni nílé, kó fi tirẹ̀ pamọ́ ná, kó wáá gbọ́ èyí.

Àwọn ará ibẹ̀ ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní násì pẹṣẹ̀lì: ìrẹsì funfun, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ àti ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí wọ́n da ọbẹ̀ ẹ̀pà sísun lé lórí, ọbẹ̀ tí ata àti àjàgbọn inú rẹ̀ lè mú kí ọ̀lẹ béèrè ọ̀nà oko. Ìyá Wulan, ìyá ìyàwó Oyèdòkun, ló ń sè é láràárọ̀. Nínú ilé náà, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ po bí abọ́ tó ṣí lójú ni ọmọ ilé ti ń jẹ ẹ́. Àlejò ló ni àwo tánganran. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Oyèdòkun fi jẹun nínú àwo yẹn. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ìyá náà ń gbé e fún un, á ní, “Ẹ jẹun, àlejò wa,” ọ̀rọ̀ náà á sì dun akọni wa wọ egungun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kìnnìún dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti àwo sẹ́yìn, ó tọrọ ewé. Ìyá Wulan ní bó bá lè ṣẹ́ ewé tí ọbẹ̀ kò ní jò níbẹ̀, kó jẹun nínú rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kó padà sídìí àwo, kó má sì dààmú ewé mọ́ láéláé. Ewé mẹ́ta ló kù nínú agbọ̀n.

Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Akọni fa ewé kìn-ín-ní yọ bí ẹni fa idà, ó bu ìrẹsì sí i, ó bu ẹ̀fọ́ lé e, ó da ọbẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ wá síhìn-ín, ó ṣẹ́ ẹ lọ sọ́hùn-ún, ó sì pa á dé pátápátá bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ìkómọ. Ìyá Wulan yí i wò lọ́tùn-ún lósì, ó béèrè bóyá oúnjẹ náà ń rìnrìn àjò ni. Wulan, ìyàwó akọni, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Akọni ṣí ojú ewé kejì sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára jagunjagun ló fi ṣẹ́ ẹ. Ewé ya fàà, ọbẹ̀ ẹ̀pà sì ṣàn sórí bùbá funfun rẹ̀. Ìyá Wulan ti ń nawọ́ sí àwo.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Oyèdòkun wo ẹ̀yìn, ó wò ó dé Ìrágbìjí, ó rí Àyọ̀ká nídìí àdògán, tó ń na ewé sókè iná. Ìyá àgbà máa ń wí pé ewé tútù kì í gbọ́ràn, jẹ́ kó yáná ná. Ìrántí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin mẹ́ta àbọ̀ lẹ́kún. Ó mú ewé ìkẹyìn, ó gbé e gba orí iná lẹ́ẹ̀mejì, ewé dẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó rọra ṣẹ́ ẹ, ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan yọ, ó fi gún ìdí rẹ̀ pọ̀, ó bu oúnjẹ sí i, ó sì gbé e sókè sójú gbogbo ayé. Wọ́n dúró, wọ́n wo abẹ́ ewé. Ọbẹ̀ kò kán sílẹ̀, àní ẹ̀kán kan ṣoṣo.

Ìyá Wulan mú àwo tánganran, ó nù ún, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

“Ọmọ mi,” ó wí, “jẹun kíá. Ẹ̀pà ọ̀la wà nínú agbada, ìwọ lo máa lọ̀ ọ́.”

Nítorí náà, kí afẹ́fẹ́ gbé e dé Ìrágbìjí, kí òkun má dá a dúró, kí gbogbo ewé inú igbó gbọ́ kí wọ́n sì tẹríba: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Oyèdòkun, ọmọ-ọmọ ẹlẹ́kọ, aṣẹ́wé-má-jò, kì í ṣe àlejò mọ́ nílẹ̀ Jáfà. Ó ń lọ ẹ̀pà.