Ọdẹ́rìndé Télọ̀ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ Orí Ìrókò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti dìde, ẹ ṣí fìlà. Ẹni tí kò bá sì dé fìlà, kó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, nítorí Ọdẹ́rìndé ni mo fẹ́ pè. Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Akínọdẹ, ọmọ ẹni tó pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà odò tí ẹfọ̀n sì yà fún un! Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń fi awọ ẹkùn jókòó bí ẹni fi ẹní jókòó. Bàbá rẹ̀ pa ìmàdò títí ìmàdò fi kẹ́rù kúrò ní Ìdí-Ayìn, tí wọ́n lọ ń gbé ní ìlú onílùú. Ìdílé tí ọmọ ọwọ́ wọn kì í sunkún, bíbú ni í bú ramúramù! Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé. Télọ̀ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ògún tó ni àdá náà ló ni abẹ́rẹ́, kò sì sí ọdẹ kan ní Ìdí-Ayìn tí kì í ṣe Ọdẹ́rìndé ló rán ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sóko. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni n kò lè fi pa mọ́ fún yín: akọni wa ń bẹ̀rù ìró ìbọn. Bí ṣakabùlà bá ti fẹ́ dún, ojú rẹ̀ a pa dé fúnra rẹ̀, èjìká rẹ̀ a fò sókè, ọta a sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, àparò ló fẹ́ yìn, òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló bá. Ihò náà wà níbẹ̀ di òní. Bí òjò bá ń rọ̀, ìyá rẹ̀ a sún ìkòkò ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì máa ṣàdúrà fún un.

Bàbá yìí kú, àpótí rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Ìdí-Ayìn, ní ọjọ́ ọdún Ògún, olúkúlùkù ọdẹ a máa jókòó lórí àpótí tirẹ̀ lábẹ́ igi ayìn. Ọmọ tí yóò bá jókòó sórí àpótí bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹran tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa wá síbi ọdún náà. Bí ọdún kẹta bá kọjá láìsí ẹran, àpótí di ti ará ilé mìíràn. Ọdún kẹta ló pé yìí. Ará ilé mìíràn náà sì ti ń wo àpótí bí ajá ṣe ń wo eegun: Ògúnlékè ni, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń nu ìbọn lásán, adìẹ àdúgbò kì í yé.

Ní àràárọ̀ ni ìyá Ọdẹ́rìndé máa ń fi aṣọ nu àpótí náà. Nínù yẹn ló ń dun ọmọ rẹ̀ jù.

Orí ẹni ní í gbéni pàdé ire. Ọdẹ́rìndé lọ wọn kóòtù fún ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá rí ìbọn afẹ́fẹ́ lára ògiri. Ọ̀gá mú un sọ̀kalẹ̀, ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ki ọta òjé kan bọ̀ ọ́, èyí tí kò tó ẹ̀wà, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ sì há bí odó. Ó dá ẹnu ìbọn padà, ó wo ọ̀ọ́kán, ó ní fìì! Agolo mílíìkì tó wà lórí ọgbà ṣubú lulẹ̀. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ohun tí Ọdẹ́rìndé ṣàkíyèsí ni pé ojú òun ṣì là sílẹ̀. Ó rán kóòtù náà, ó rán ṣòkòtò méjì kún un, ó fi agbádá lé e, ó sì gbé ìbọn relé.

Háà, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wá wo ogun agolo! Agolo mílíìkì tò, agolo tòmátò tò, agolo sàdíìnì náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n tò sórí ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ ogun tó gbójú, wọn kò sì mọ̀ pé ẹni tí ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ni wọ́n kọjú sí. Fìì, ọ̀kan lọ! Fìì, ìkejì tẹ̀lé e! Àwọn tó ṣubú, Ọdẹ́rìndé a gbé wọn dìde, a tún pa wọ́n. Kí ọyẹ́ tó lọ tán, kò sí agolo tó lè gbé omi dúró mọ́ ládùúgbò, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń kó tiwọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Ó wá ku ọ̀la kí ọdún Ògún pé. Lórí ìrókò tó wà lẹ́yìn agbo ilé, ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀: onírù bí ọwọ̀, ajẹ̀yìn-má-dúpẹ́, ẹni tó jẹ ẹyìn gbogbo ará ilé tó sì ń ju èkùrọ́ lù wọ́n lórí. Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ti gbọ́ òwe náà, ó sì fi ṣe ilé gbé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jáde wá sórí ẹ̀ka. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka tó sún mọ́ ilẹ̀ jù ni, ṣùgbọ́n ìrókò kúkú ni ìrókò ń jẹ́. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò aró tó ti fọ́. Ó mí sínú, ó di èémí mú, ó fi ojú kan rán ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀ka bí ẹni rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ó yìnbọn. Fìì!

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀run ya. GBÒÒLÀ! Ògúnlékè wà lódìkejì igi, ọ̀kẹ́rẹ́ kan náà ló ń wò. Ewé já, adìẹ ké, èéfín bo gbogbo ilẹ̀. Akọni wa di ojú, ó sì fìdí jókòó. Nígbà tó máa lajú, Ògúnlékè ti di ìrù ẹran mú, ó gbé e sókè.

"Èmi ni mo pa á!" Ọdẹ́rìndé pariwo.

"Ìwọ bí ti báwo?" ni Ògúnlékè wí. "Ta ló gbọ́ ìbọn rẹ?"

Gbogbo agbo ilé ti tú jáde. Wọ́n wo ara wọn. Ìbọn kan ṣoṣo ni etí wọn gbọ́. Olúọdẹ Ògúngbèmí, àgbà tí eyín rẹ̀ ti lọ tán tó ku ẹyọ kan, mi orí.

"Ọmọ mi, má bínú," ló wí. "Ìbọn tí a gbọ́ ló ni ẹran. Èyí tí kò dún, ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀?"

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtiwo ojú ọgbẹ́, ìyá Ògúnlékè ti ki ọ̀kẹ́rẹ́ bọ iná, irun rẹ̀ ti ra. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Ọdẹ́rìndé kò nu àpótí. Ó da aṣọ bò ó. Inú Ọdẹ́rìndé bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun.

Ọdún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ayìn. Òfin ọdẹ ni pé ẹran, bó ti wù kó kéré tó, a gbọ́dọ̀ pín in: orí fún Olúọdẹ, àyà fún àwọn àgbà, ẹ̀yìn fún ìyá ẹni tó pa á, itan fún àwọn ọdẹ yòókù. Ẹran tí kò kún ọwọ́! Wọ́n gbé ọ̀bẹ wá, ọ̀bẹ tóbi ju ẹran lọ. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n pe Ọdẹ́rìndé kó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ wá. Ẹ wo ìyà! Ọmọ Ọdẹ́gbàmí ló dúró láìní àpótí, tó ń fi àlùmọ́gàjí aṣọ gé ẹran tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Ó gé e déédéé, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́. Àwọn ọdẹ yìn ín pé ó mọ nǹkan gé. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Olúọdẹ ju orí ọ̀kẹ́rẹ́ sẹ́nu. Ó gbé e sábẹ́ eyín kan ṣoṣo náà, eyín tó ti la ogun eegun ẹfọ̀n kọjá. Ó pa ẹnu dé.

KÀÙ!

Bàbá ki ìka bọ ẹnu, ó wá a kiri, ó mú nǹkan méjì jáde, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan ni eyín rẹ̀. Ìkejì jẹ́ òjé kékeré kan tó ní ìbàdí bí odó.

"Ògúnlékè, kí lo máa ń ki sínú ìbọn rẹ?"

"Irin wẹ́wẹ́ ni, Bàbá. Àti wáyà kẹ̀kẹ́."

"Ṣé o ti ki odó rí?"

Ògúnlékè ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdẹ́rìndé sáré mú páànù ọta rẹ̀ wá, ó da ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá Ògúnlékè, tó ti gbé ẹ̀yìn ẹran mì, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Olúọdẹ dìde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń wú. Ó na ọwọ́ sókè, ó sì kéde pé:

"Ará Ìdí-Ayìn, ẹ gbọ́! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa òwe ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí ìrókò nílùú yìí láìkọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Ẹ ní ìbọn rẹ̀ kò dún? Eyín mi ti bá a dún!"

Ìyá Ọdẹ́rìndé ti wọlé lọ. Ó ru àpótí jáde lórí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó tún un nù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó," ló wí.

Ó jókòó. Ó dára, ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ dìde, ẹ dé fìlà yín, kí ẹ sì jókòó wàyí. Ẹni tó ni àpótí ti jókòó.