Orin Tí Onítìmùtìmù Kò Gbọ́ Dópin

Ẹnu Jẹ́jẹ́ ló kó bá a. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onítìmùtìmù, pé kó gbọ́ àwo orin tí òun fi ohun èlò olókùn kan báyìí ṣe, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, tí èèyàn ń fi ronú jinlẹ̀. Bí Onítìmùtìmù, tí òun ń pè ní Ìyá, bá ní ó dáa, òun á gbé e lọ fún àwọn tó fẹ́ gbé e jáde. Bí kò bá dáa, òun á pa ohun èlò náà tì, òun á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá, òun á máa bá a rán tìmùtìmù títí ayé. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ló jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ yẹn o, ẹnikẹ́ni ò fipá mú un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó wá gbọ́ ìdájọ́, ó bá Ìyá níbi tó ti gun tìmùtìmù ńlá kan bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán etí rẹ̀. Òwú wà nínú irun rẹ̀, òwú wà létí imú. Jẹ́jẹ́ gbé ẹrù gbọọrọ kan tó fi aṣọ wé ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Oò. Dìde, òwú á kó sí ọ nírùngbọ̀n."

"Ìyá, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ọ."

"Báwo ló ṣe rí?"

Ìyá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, mo sùn."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo sùn fọnfọn."

"Níbi orin wo?"

"Níbi àkọ́kọ́."

"Apá ibo nínú àkọ́kọ́?"

"Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. O ta á, ó dún 'tíín'. Mo ń retí kó tún dún. Kò dún. Ohùn kejì tí mo máa gbọ́, àkùkọ ni."



"Ẹ ò tún un gbọ́?"

"Ṣé mo lè má tún un gbọ́? Lọ́jọ́ kejì, mo ní mi ò ní sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rárá. Mo jókòó sórí àpótí líle, mo fẹ̀yìn ti ògiri."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá gbọ́ ọ."

"Orí àpótí yẹn ni ilẹ̀ mọ́ mi sí."

"Ó tán síbẹ̀?"

"Kò tán síbẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ já a kulẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo di fèrèsé mú."

"Ìyá, ẹ má sọ fún mi pé..."

"Ẹṣin nìkan kọ́ ló mọ oorun òòró sùn."

Ó yẹ kí Jẹ́jẹ́ rántí bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí tìmùtìmù tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí Ìyá kì í kọ́kọ́ sùn lé lórí. Èyí tó bá gbé e lọ, ó yege. Èyí tí kò bá gbé e lọ, á tú u, á tún un rán. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò mọ ìyìn míì tó ju "mo sùn" lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lókè kì í rántí nǹkan. Jẹ́jẹ́ ṣí fìlà, ó ká apá aṣọ sókè, ó jókòó sí etí tìmùtìmù, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ kí ni?"

"Àdéhùn ni àdéhùn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ní orin rẹ gbé mi sùn, o ní kí n fún ọ lábẹ́rẹ́. Bí mo bá wá ní mi ò sùn ńkọ́, ṣé ọ̀bẹ lo máa béèrè?"

 Jẹ́jẹ́ mú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń rán etí tìmùtìmù lọ bí ẹni ń sá fún òjò.

"Rọra, o ń gún un bí ọ̀tá. Kí ló ń bí ọ nínú?"

"Inú ò bí mi."

"Ojú rẹ pọ́n."

"Òwú ló kó sí i."

"Ẹnu rẹ ń gbọ̀n. Ṣé òwú ti dé ẹnu náà ni?"

"Ìyá, ẹ gbọ́ o. Bí ẹnì kan bá se ọbẹ̀, tí ẹ wá sọ fún un pé ọbẹ̀ ẹ̀ dára, ẹ fi paná, ṣé ìyìn nìyẹn?"

"Bí ilé mi bá ń jó, ìyìn ni."

"Mo ṣe orin yẹn kí èèyàn lè jókòó, kó ronú."

"Mo ronú."

"Ẹ ronú lórí kí ni?"

"Mo ronú pé ó yẹ kí n sùn."

"Àwọn ibi tó ti dákẹ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹ̀ wà. Èèyàn á dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, á máa gbọ́ inú ara ẹ̀."

"Ṣé àwọn àgbà ò sọ ọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi bá mi dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Orin mi kì í ṣe tìmùtìmù, Ìyá."

"Mo mọ̀. Tìmùtìmù mi ò dáa tó o."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí tìmùtìmù, ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wo ẹ̀yìn rẹ. Kí lo rí?"

"Tìmùtìmù."

"Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó?"

"Wọ́n ti fẹ́ kan àjà."

"Ṣé o ò bi ara rẹ léèrè ìdí tí wọn ò fi lọ sílé olówó wọn? Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ọ̀kan tó gbé mi sùn. Màá rán an, màá dùbúlẹ̀ lé e, ojú mi á là kalẹ̀ bí ojú ẹja. Màá ní kò dáa, màá tú u. Màá tún un rán, màá tún un tú. Mi ò mọ̀ bóyá tìmùtìmù ló bàjẹ́ àbí èmi. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, ìyàwó tuntun ló ni ín. Ó ti bí àkọ́bí báyìí. Mi ò mọ orí kí ni wọ́n sùn sí."

"Ìyá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni? Pé Onítìmùtìmù ò rí oorun sùn? Ta ló máa wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀rín pa Jẹ́jẹ́, àánú sì ṣe é, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

"Nígbà tí o wá ta nǹkan rẹ yẹn," Ìyá ní, "tó dún 'tíín', ó ṣe mí bákan. Ó dà bíi pé ẹnì kan yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Jẹ́jẹ́, kí lo fi ṣe nǹkan ọ̀hún ná?"

Àánú àti ẹ̀rín ló jọ sá lọ lójú Jẹ́jẹ́.

"Pákó ni."

"Pákó wo?"

"Pákó tó ti gbẹ."

"Jẹ́jẹ́."

"Ìyá."

"Tú aṣọ yẹn."

Jẹ́jẹ́ fò dìde kó lè dúró sáàárín Ìyá àti ẹrù náà. Tìmùtìmù bá a dìde. Nínú ìbínú tó fi ń ránṣọ, ó ti rán ìdí bùbá rẹ̀ mọ́ tìmùtìmù, ìránṣọ tó le dan-in-dan-in. Òun àti tìmùtìmù jọ ṣubú, wọ́n dùbúlẹ̀ pọ̀.

"Sinmi síbẹ̀," Ìyá ní. "Ó kéré tán, mo ti rí i pé o mọ aṣọ rán."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó tú aṣọ lára ẹrù. Pákó gbọọrọ kan ló jáde, wáyà tín-ín-rín kún orí rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sí àárín pákó náà. Ọ̀kan nínú wọn ò lẹ́nu.

Ìyá fi ìka kan ibi tí ẹnu ẹyẹ náà ti kán.

"Bẹ́ẹ̀dì mi àtijọ́ nìyí."

"Apá orí ẹ̀ ni, Ìyá."

"Orí ọkọ mi ló ṣẹ́ ẹnu ẹyẹ yìí, lọ́jọ́ tó fi àlá fò dìde. Mo ní mi ò lè máa wò ó mọ́. Mo ní kí o lọ là á, kí o fi dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O wá lọ so wáyà mọ́ ọn."

"Mo mú àáké, mo kọ́kọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó dún. Mo tún gbá a, ó tún dún. Ìyá, mi ò lè la ohun tó ń dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ fún yín. Ẹ má bínú."

 Ìyá dákẹ́, ó tún dákẹ́ lé e. Jẹ́jẹ́ tó ti fi dídákẹ́ dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóró, òun ló wá ń làágùn lórí ìdùbúlẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run kí nǹkan ṣáà dún.

"Gbogbo ọdún tí mo fi gbórí lé e," Ìyá ní nígbẹ̀yìn, "kò bá mi sọ̀rọ̀ rí."

"Ẹ ò so wáyà mọ́ ọn ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn tó so Jẹ́jẹ́ mọ́ tìmùtìmù, ó fà á dìde.

"Ìyá, ṣé ó dáa, àbí kò dáa? Àwọn èèyàn yẹn ń retí mi lónìí."

"Mi ò tíì lè dájọ́. Adájọ́ kì í gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kó sá wọlé lọ sùn. Jẹ́ ká gbọ́ ìparí."

"Ẹ tún máa sùn."

"Fo gbogbo àwọn tó ṣáájú, orin tó kẹ́yìn ni kí o fi sí i. Bí o bá rí i pé ojú mi ń kú lọ, fi abẹ́rẹ́ gún mi."

Ìyá yọ ẹ̀rọ kékeré tí orin wà nínú rẹ̀ kúrò nínú àpò aṣọ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n tẹ́tí. Okùn dún, ó dún pẹ́, ó sì rọlẹ̀. Òmíràn dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ìyá ń tẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa sùn. Nínú ibi tó ti dákẹ́ náà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó kùn gòkè, ó dúró díẹ̀, ó súfèé bọ̀ wálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jí."

"Mi ò sùn."

"Ẹ ń hanrun."

"Wo ẹnu mi. Inú ẹ̀rọ ló ti ń wá."

Jẹ́jẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sétí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"O ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni?" Ìyá béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Ìwọ tí o ṣe é?"

"Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, ó máa ń... ó máa ń rẹ̀ mí lójú ọ̀nà."

"Ìyẹn ni pé ìwọ náà ò tíì dé ìparí rí?"

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bojú.

"Ìwọ tí o tìtorí oorun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa tìmùtìmù mi," Ìyá ní.

"Màá gé e kúrò, Ìyá. Èmi ni. Mo gbórí lé pákó níbi tí mo ti ń ta á, oorun gbé mi lọ, ẹ̀rọ sì ń gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, màá yọ ọ́."

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tún un fi sí i."

Ó tún un fi sí i. Ó kùn gòkè, ó dúró díẹ̀, ó súfèé bọ̀ wálẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí òwú.

"Ìwọ kọ́ nìyẹn."

"Èmi ni. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá."

"Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ọkọ ni mo fi gbọ́ ìhanrun yìí, ìwọ ni mo máa jẹ́ kó kọ́ mi? Ìwọ ò lè hanrun dé ibẹ̀ yẹn. Ó dáa, gbé e lọ fún wọn, má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ta ló ń kọrin níparí ẹ̀, sọ fún wọn pé ọkọ mi ni, kí wọ́n má sì jí i."