Háì Tébù Tó Gba Gbọ̀ngàn Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ẹjọ́ tó jẹ́ pé àwa tó yẹ ká dá a gan-an ló ń bá wí. Kẹ́ ẹ má rò pé ààfin ńlá ni o. Pálọ̀ Baálẹ̀ Àbdùlgàfárù ni, ní Keteren Gwari nílùú Minna, níbi tí àwa ìgbìmọ̀ Yorùbá àdúgbò ti ń jókòó sórí àga rọ́bà, tá a sì ń pe ara wa ní ìjòyè. Èmi ni akọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ, kí n sì máa mi orí bí ẹni tó mọ òfin.

Labibah, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ló pẹjọ́. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, mo wá fẹjọ́ Abdussamad sùn, igbákejì mi. Yunifásítì máa ń fún ẹgbẹ́ lówó láti fi ṣe ètò fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ̀wé béèrè lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fún wa. Mo ní ká fi ṣe ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ lédè Yorùbá fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, torí ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n bí sí Minna, Haúsá ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ ètò, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ráyè jókòó."

"Kí ló gba àyè?"

"Háì tébù ni, Kábíyèsí."

Gbogbo ìgbìmọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì," ni Labibah ṣàlàyé, àfi bíi pé a ò mọ̀ ọ́n. "Abdussamad to tábìlì mọ́ tábìlì láti iwájú títí dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ àwọn èèyàn pàtàkì ni wọ́n ń pè títí wọ́n fi wá ti gbọ̀ngàn. Mo tún ti béèrè fún owó tọdún yìí. Ọ́fíìsì ní ètò àgbàlagbà làwọn rí, kì í ṣe tọmọ iléèwé. Wọ́n ní àfi tẹ́yin ààfin bá fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀la pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọdún tí mo máa lò kẹ́yìn rèé, Kábíyèsí. Tí wọn ò bá fún wa, ètò yẹn ti kú nìyẹn."

Baálẹ̀ kọjú sí Abdussamad. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ranka ya dade, ẹ̀mí yín á gùn, Kábíyèsí! Mi ò jẹ̀bi. Alhaji kan ṣoṣo ni mo pè ní Maitumbi. Alhaji ti Chanchaga gbọ́, ó ní ṣé òun ò tó èèyàn ni. Mo pe òun náà. Ìyàwó ẹ̀ ní ṣé ọkọ òun nìkan ló lọ́lá? Ẹnikẹ́ni tí mo bá pè, á bi mí pé lágbájá ńkọ́. Ṣé kí n ní kí àgbà dúró kí ọmọdé jókòó ni? Haba!"

"Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi owó yẹn ṣètò fún," ni Baálẹ̀ wí.

"Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n! Kò sí ẹnì kan ní ìdí tábìlì yẹn tí kò lọ iléèwé rí. Kódà, Alhaja Kàbírátù ṣì ń lọ ilé kéú títí di ìsinsìnyí."

Alhaja Kàbírátù, olórí àwọn obìnrin àdúgbò, dìde láti jẹ́rìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Èmi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbẹ̀ o. Àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ràn àṣà."

"Irọ́ ni!" ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé wí, òun ni igbákejì Baálẹ̀. "Wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Ojú mi ni mo fi rí wọn."

"Níbo?"

"Lójú fèrèsé. Níta."

"Àwọn yẹn?" ni Alhaja wí. "Mo rò pé èmi ni wọ́n wá wò ni. Mo tiẹ̀ ń juwọ́ sí wọn."

"Èmi ni wọ́n ń wò. Èmi ni mo wà lẹ́bàá fèrèsé."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn lọ!"

"Mi ò sùn. Wọ́n pe orúkọ mi, mo dìde, mo sì juwọ́."

"Orúkọ Akọ̀wé ni wọ́n tún pè, tẹ́yin fi ta gìrì dìde!"

Òótọ́ ni. Ó ń dùn mí di òní. Wọ́n ti kọ́kọ́ pè mí, mo sì ti juwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, tèmi ni.

Baálẹ̀ ní ká dákẹ́. Ó pe Rodiyah, ọmọbìnrin kan tó wà lára àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí lo fẹ́ sọ nígbà yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ bàbá bàbá mi ni, Kábíyèsí, bó ṣe kúrò ní Ìlọrin wá síbí. Nílé wa, tí n bá sọ Yorùbá, wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wá kọ́ ọ dáadáa. Mo ní lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní rẹ́rìn-ín. Mo dúró, mo dúró, wọn ò pè mí."

"Kí ló dé tó ò wọlé?"

"Mo ti wọlé, mo ti jókòó. Wọ́n ní kí n dìde kí ẹ̀yin lè jókòó, Kábíyèsí."

Ojú tì mí. Ojú ti gbogbo wa, a kàn ń wo àjà pálọ̀ ni. Baálẹ̀ ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Akọ̀wé, máa kọ ọ́. Kò ní sí háì tébù mọ́. Àwọn ọmọ ló máa jókòó. Abdussamad yóò máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà níkọ̀ọ̀kan, yóò sì mú wọn dé ìjókòó. Gbogbo àwa tá a jókòó lọ́dún tó kọjá, tèmi tìjòyè, ẹ̀yìn pátápátá la máa dúró sí títí ọmọ tó kẹ́yìn yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ wa. Àgbà tó bá fi Yorùbá ọmọ kankan rẹ́rìn-ín, òun ló máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, kò sì gbọ́dọ̀ fi Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i."

"Wallahi, Kábíyèsí, mò ń lọ sí Bida lọ́jọ́ yẹn," ni Alhaja wí.

"A ò tíì dá ọjọ́, mà," ni Labibah dáhùn.

"Màá ṣáà lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé náà rántí pé orúnkún ń dun òun. Ìjòyè kan ń wúkọ́, òmíràn ń wá bàtà rẹ̀.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Labibah, ṣé o rí i? Gbọ̀ngàn ti láyè. Lọ sọ fún ọ́fíìsì pé mo fọwọ́ sí i. Rodiyah ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, màá sì dúró gbọ́ ọ. Akọ̀wé, ìwọ ló máa gbá gbọ̀ngàn."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá nawọ́ sókè.

"Kábíyèsí, ẹni tó bá gbá gbọ̀ngàn, ṣé wọn ò lè dárúkọ ẹ̀ díẹ̀, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní kí n fi fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún un.