Òdòdó Tó Ya Ilé Onílé

Bí mo bá gbó tó igi ìrókò, Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Títí di òní, bí mo bá ti rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀ṣẹ̀ mi. Màmá mi ní ẹ̀gbọ́n kan tá a máa ń pè ní Mummy Ìdáyàt. Nígbà tí mo dé London láti Ìwó, tí mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, pálọ̀ wọn ní Peckham ni mo sùn fún odidi ọdún méjì. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, àwọn náà ló bá mi wá iṣẹ́ sí ọsibítù tí mo ti ń ti àwọn aláìsàn kiri lórí kẹ̀kẹ́ títí dòní. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n kó lọ sí ìlú kékeré kan létí òkun, ní Kent. Wọ́n ní ariwo Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, ti sú àwọn. Mo ṣèlérí pé mo máa wá wo ilé tuntun náà. Ọdún kan kọjá, mi ò lọ. Mo ní shift ò jẹ́.

Ìgbà tó yá, wọ́n fẹ́ so yìgì Ìdáyàt, ọmọ wọn, ní ìlú yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti ọsibítù dé, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí mo máa lajú, ọ̀sán ti pọ́n. Dípò kí n sọ òótọ́, mo pe Mummy, mo sì wúkọ́ sí wọn létí.

“Mummy, ibà ni o. Mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Pẹ̀lú gbogbo èrò tó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n dúró, wọ́n ṣàdúrà fún mi dáadáa. Àdúrà yẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ṣùgbọ́n ebi ò mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Mo bọ́ sí Rye Lane lọ ra ẹja. Èmi àti ẹlẹ́ja ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ Mummy kan, tó ti pẹ́ kó tó jáde nílé, tó wá ń sáré ra nǹkan kan lọ síbi yìgì náà, wà lẹ́yìn mi. Bí ìyá náà ṣe débẹ̀, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, “Ẹni tẹ́ ẹ ní kò lè dìde yẹn, mo rí i ní Rye Lane o. Ó ń bá ẹlẹ́ja jà. Ara ẹ̀ le ju ti ẹlẹ́ja lọ.”

Mummy ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán. Wọn ò kàn gbé fóònù mi mọ́ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko.

Múínátù ìyàwó mi sọ fún mi pé, “Gbé ẹsẹ̀ ẹ nílẹ̀, kó o lọ bẹ̀ wọ́n.” Mo ní shift ò jẹ́. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì lọ ka Kùránì rẹ̀. Ẹni tí mo gbọ́ tiẹ̀ ni Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Bermondsey, tá a jọ ń ṣiṣẹ́.

“Uncle, ẹ fi flowers ránṣẹ́ sí wọn now. Two minutes, ó ti parí. Trust me, ọkàn wọn máa melt.”

Òun ló bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń tà á lórí fóònù: agbọ̀n òdòdó tútù, rósì pupa àti lílì funfun, tí wọ́n á gbé dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹni. Inú mi dùn. Ẹ̀bẹ̀ tí mi ò ní wọkọ̀ lọ bẹ̀, tí mi ò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni!

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sórí káàdì. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, pé mo wá bẹ̀bẹ̀ ni, àmọ́ fóònù ò gba àmì kankan, ó sọ ẹ̀bẹ̀ mi di “ebe”. Ẹ̀rù bà mí kí Mummy má lọ rò pé ebè iṣu ni mò ń wí. Mo pa á rẹ́, mo kọ òyìnbó sí i: “Mummy, I am sorry. Please forgive me. Your son.” Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á, mo tún kọ “Mummy”. Ta ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ? Mo tẹ orúkọ àdúgbò, mo tẹ nọ́mbà ilé bí mo ṣe rántí rẹ̀, ó di mẹ́rìnlá. Mo ní ó parí.

Ọjọ́rú ni wọ́n máa gbé e lọ. Mi ò lè jókòó lọ́jọ́ yẹn. Bàbá kan tó yẹ kí n tì lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ni mo tì í lọ. Bàbá náà yí ọrùn padà, ó ní, “Ìdí ló ń dùn mí, kì í ṣe eyín.” Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù dún. Wọ́n ti jíṣẹ́. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ sí i: agbọ̀n òdòdó níwájú ilẹ̀kùn búlúù kan, ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, háà, Mummy ti wá gbé ère ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́nu ọ̀nà! Etí òkun ń yí èèyàn padà o.

Mo wá ń retí ìpè. Ọjọ́rú lọ, Ọjọ́bọ̀ lọ. Fóònù ń bá mi wọ ilé ìwẹ̀. Ní Jímọ̀, a wà lórí ìrun nígbà tó gbọ̀n nínú àpò mi, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, ìforíkanlẹ̀ ni mo wà tí mò ń rò ó pé Mummy ni. Àṣé council ló ní kí n má gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Ó wá dá mi lójú pé Mummy ti da òdòdó náà nù. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Mi ò lè sùn mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ra òdòdó mìíràn, torí ọwọ́ òfìfo ò yẹ ẹlẹ́bẹ̀, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tíréènì. Bọ́ọ̀sì kún fọ́fọ́. Ìyá kan tó gbé àpò iṣu dúró tì mí. Bí dírẹ́bà bá ti tẹ búréèkì, iṣu á wọ́ lu òdòdó mi. “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi,” ni ìyá náà ń wí, ṣùgbọ́n kò gbé iṣu rẹ̀ kúrò. Ká tó sọ̀, rósì mẹ́ta ti lọ sí i.

Nínú tíréènì, obìnrin tó jókòó kọjú sí mi sín. Ó tún sín. Ó nawọ́ sí lílì mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dìde, mo lọ jókòó níwájú. Ara mi ò balẹ̀ níbẹ̀ náà, mo tún dìde. Báyìí ni mo ṣe ń rìn láti kọ́ọ̀ṣì dé kọ́ọ̀ṣì, tí mò ń dánra wò lórí ọ̀rọ̀ tí mo máa bá Mummy sọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé tíréènì náà máa pín sí méjì lọ́nà, pé iwájú ń lọ síbì kan, ẹ̀yìn ń lọ síbòmíràn. Wọ́n kéde ẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kéde ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ lẹ́nu, mi ò gbọ́.

Ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀, pápá ni mo bá ara mi. Ìyàwó mi pè.

“Ṣé o ti débẹ̀?”

“Mi ò mọ̀.”

“Kí lò ń rí níbẹ̀?”

“Àgùntàn.”

“Àgùntàn mélòó?” Mo gbọ́ bó ṣe ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi dúró síbẹ̀ kí n tó rí tíréènì padà, òjò sì rọ̀ títí bébà tí wọ́n fi wé òdòdó fi yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo dé ìlú Mummy ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Mo rí àdúgbò, mo rí nọ́mbà mẹ́rìnlá, mo rí ilẹ̀kùn búlúù, mo rí ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ẹ̀ pé bó ṣe wà nínú fọ́tò. Mo ní tí Mummy bá kọ́kọ́ rí ojú mi, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn padà. Nítorí náà, bí mo ṣe tẹ aago ẹnu ọ̀nà, mo yára dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi nínú omi òjò, òdòdó níwájú orí mi.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mi ò gbójú sókè.

“Mummy, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe ibà, oorun ló gbé mi lọ. Mo ra ẹja lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀…”

Mo wá rí sílípáàsì kan níwájú mi, àwọ̀ pinki, onírun. Ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ funfun báláú.

“Oh my goodness! Are you all right, love?”

Mo fẹ́ dìde, ìyá òyìnbó náà tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ó ní kí n má mira. Ó pe aládùúgbò tó wà lódìkejì, ìyẹn gbé búláńkẹ́ẹ̀tì wá, ó sì ní òun máa pe ọkọ̀ aláìsàn. Èmi tí mò ń ti aláìsàn láti ọjọ́ yìí, wọ́n fẹ́ wá máa ti èmi náà! Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jẹ́ kí n jókòó. Ìyá náà mú mi wọlé, ó fún mi ní tíì gbígbóná. Mo gbójú sókè báyìí, agbọ̀n òdòdó mi ló wà lójú fèrèsé.

Ó rí i pé mò ń wò ó. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, “Ọmọkùnrin mi ló fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ tá a ti sin bàbá rẹ̀ la ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́rú ni mo ṣílẹ̀kùn, mo bá èyí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n dárí ji òun. Mo pè é pé mo ti dárí jì í. Ó dákẹ́, ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti pa fóònù. Ó wá bú sẹ́kún. Ó ní lọ́la, Sunday, òun ń bọ̀ wálé.”

Mo gbé ife tíì sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ládùúgbò náà. Ó ní, “Ẹni tó máa ń wé ìborùn tó rẹwà yẹn? Nọ́mbà mọ́kànlélógójì ni.” Mọ́kànlélógójì! Mo ti yí ilé Mummy sódì.

Kò jẹ́ kí n dá lọ. Ó fà mí lápá bí ẹni fa afọ́jú, ó di ẹnu ọ̀nà Mummy. Mummy ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí ẹrẹ̀ láyà mi, wọ́n rí igi òdòdó tí kò ní orí mọ́, wọ́n rí ìyá òyìnbó tó dì mí mú.

“Ó dákú sẹ́nu ọ̀nà mi,” ni ìyá náà wí. “Ara rẹ̀ ò yá rárá.”

Mummy wò mí láti òkè délẹ̀. “Ara ẹ̀ ò yá,” ni wọ́n tún un sọ, jẹ́jẹ́. Mo ní kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí ìyá náà lọ, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn lórí ìdúró: oorun, òdòdó, àgùntàn, sílípáàsì. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹja yẹn kọ́ ló dùn mí. Mo ti lé lọ́dún kan níbí, o ò mọ ilẹ̀kùn mi. Ilẹ̀kùn ẹlòmíràn lo lọ dọ̀bálẹ̀ sí. Ṣé o gbọ́ bó ṣe rí létí?”

Omi bọ́ lójú mi, ìyẹn kì í ṣe ti òdòdó.

Mummy gba igi òdòdó náà lọ́wọ́ mi. “Kí ni kí n fi èyí ṣe? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?” Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu wọn, wọn ò lè mú un dúró mọ́, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. Wọ́n pe oríkì mi, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rẹ̀ yẹn, kí n wá jẹun. Bí mo ṣe ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n na ìka sí mi: “O ò gbọdọ̀ sọ fún ìyá yẹn láé. Ibi tí Ọlọ́run rán òdòdó yẹn ló dé.”

Ní ọ̀sán Sunday, fóònù mi dún. Mummy ni. Wọ́n rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé: “Ọmọ yẹn ti dé o. Ó gbé àpótí lọ́wọ́. Ìyá ẹ̀ ò tíì jẹ́ kó wọlé, wọ́n ṣì dì mọ́ ara wọn lóde.”

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀bẹ̀ kì í rán ìránṣẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ èèyàn rẹ̀, kó gbé ara rẹ̀ lọ, kódà kó máa gbọ̀n lọ́nà. Ìparí oṣooṣù ni mo ń lọ síbẹ̀ báyìí, shift ò sì pa mí. Gbogbo àdúgbò yẹn ló mọ̀ mí. Wọn ò mọ orúkọ mi o, “ọkùnrin tó dákú” ni wọ́n ń pè mí, àwọn arúgbó á sì gbé àga jáde fún mi kí n sinmi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo máa ń jókòó, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.