Ilẹ̀ Yìí Kì í Ṣe Títà

N kò ní í dárúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, torí ará àdúgbò wa ni. Mánsúrù tó ń tún fóònù ṣe ní Dúgbẹ̀ kò burú léèyàn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò lè kọjá lára ilẹ̀ tó ṣófo kó má sọ pé òun ló ni ín. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; òde ni Mánsúrù ti ń kó ilẹ̀ wálé.

Ìfẹ́ ló wá sọ àìsàn náà di ńlá. Qonitah ló fẹ́ fi ṣaya, bàbá ọmọ náà, Alàájì Àjàgbé ti Onírèké, sì ti sọ pé àwọn kò ní fún ọkùnrin tí kò nílẹ̀ lọ́mọ. Mánsúrù ní ṣé ilẹ̀ lásán ni? Ó ra agolo ọ̀dà pupa kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ odò lọ lẹ́yìn Agbówó, níbi tí gbogbo àdúgbò ń dalẹ̀ sí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri àlàpà tó wà níbẹ̀: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀. ALÀÁJÌ MÁNSÚRÙ LÓ NI ÍN. Ibi tó jìnnà jù tí Alàájì yìí dé rí láyé ni Ọ̀jọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Alàájì Àjàgbé fi ọkọ̀ wọn gbé e kí ó lọ fi ilẹ̀ han àwọn. Mánsúrù mú agolo ọ̀dà dání, ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun ń tún un kọ, torí gbájúẹ̀ pọ̀ nílùú. Alàájì ka ògiri lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo òkìtì ìdọ̀tí tó ga tó òrùlé, wọ́n ní ilẹ̀ náà tóbi. Inú Mánsúrù dùn débi pé ó gbàgbé ọ̀dà sínú bùùtù wọn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Mánsúrù kò pé oṣù méjì. Ọkọ̀ káńsù ni òtítọ́ wọ̀ wá.

Ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣètò àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ́kù: èyí tí wọn yóò gbà láti fi kọ́ ilé ìwòsàn, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí mọ́, kí omi òjò lè rí ibi gbà. Arábìnrin Adésànyà tó ń kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ sílẹ̀ ka ògiri náà, ó sì fi Alàájì Mánsúrù ṣe ẹni kìíní. Nígbà tí ìwé ìpàdé dé, Mánsúrù rò pé oyè ni wọ́n fẹ́ fi òun jẹ, ló bá mú àna rẹ̀ dání.

Níbẹ̀ ni Arábìnrin Adésànyà ti kà á sétí gbogbo èèyàn pé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ odò ni káńsù yóò kọ́kọ́ dá sí fún omi òjò, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni yóò kó ìdọ̀tí orí rẹ̀ kúrò láàárín oṣù kan. Ó béèrè onílẹ̀. Mánsúrù wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Alàájì Àjàgbé.

"Èmi ni," ó ní.

Wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ń bá a du ilẹ̀ náà. Ìyá àgbà kan dìde níwájú, Màmá Mùtíátù. Bàbá wọn ló fi ilẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ fún wọn, láti ọdún mẹ́ta sì ni wolé-wolé ti ń fi ìwé pè wọ́n nítorí ìdọ̀tí yìí.

"Rárá o," ni Màmá wí. "Ẹ jẹ́ kó kó o."

Sátidé mẹ́rin gbáko ni Mánsúrù fi kó o, òun àti ṣọ́bìrì. Ó hú fóòmù mẹ́fà jáde, ó hú fíríìjì kan tí ẹja ṣì wà nínú rẹ̀. Alàájì Àjàgbé a máa gbé àga wá, wọn a jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọn a ní inú àwọn dùn sí onílẹ̀ tó mọṣẹ́. Ẹ̀yìn ń ro Mánsúrù, kò sì lè sọ ọ́. Èmi náà yà níbẹ̀ láti kí i kú iṣẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Ní Sátidé karùn-ún, káńsù wá ri pátákó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí onílẹ̀ mú ìwé ilẹ̀ wá, kó tọwọ́ bọ̀wé. Mánsúrù ní òun gbàgbé é sílé. Màmá Mùtíátù tú ọ̀rá dúdú kan, wọ́n mú ìwé ilẹ̀ bàbá wọn jáde, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n wá yíjú sí ẹlẹ́ṣọ́bìrì.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní tìrẹ."

Alàájì Àjàgbé dìde. Wọ́n ká àga wọn, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Mánsúrù gbéra ó di Onírèké láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó nawọ́ láti kàn án, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, kò tíì gbẹ: ỌMỌ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN MÁNSÚRÙ.